Ohun Tó Ń Wọ Ẹnu Ọládiípọ̀ Kí Ọ̀sán Tó Pọ́n

Nọ́ọ̀sì Theresa wo nọ́ḿbà tó wà lójú ẹ̀rọ, ó wo Ọládiípọ̀, ó sì tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

"Baba, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ ò jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Láti aago mẹ́jọ alẹ́ àná, oúnjẹ kankan ò kan ẹnu mi."

"Búrẹ́dì díẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹyọ ẹ̀pà kan péré, mi ò jẹ."

Hausa ni wọ́n ń sọ síra wọn, nítorí ọmọ Zawan ní ilẹ̀ àríwá ni Theresa, Ọládiípọ̀ sì ti ń gbọ́ Hausa kí ó tó gbọ́ Yorùbá já gaara. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín ẹni tó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ni.

"Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ fún wa nìyẹn, Baba. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í bá èèyàn parọ́. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, 112 ni ṣúgà yín. Ẹ ní ẹ ti ń gbààwẹ̀ láti ìgbà náà. Òní, 131. Tó bá tún rí báyìí lọ́sẹ̀ méjì òní, dókítà máa bẹ̀rẹ̀ oògùn fún yín."

Ọládiípọ̀ ò fi ìbínú hàn. Ó tẹ owú mọ́ ibi tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ lórí ìka, ó dìde. "Mo máa padà wá lọ́sẹ̀ méjì òní," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ò sí lẹ́nu mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bó ṣe fi hàn lọ. Iṣẹ́ àtúnṣe òṣùwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀, ní àdúgbò Gangare. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mai Sikeli, ìyẹn olóṣùwọ̀n, ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí oníṣòwò méjì bá ń jà lórí àpò ọ̀dùnkún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé òṣùwọ̀n wá, ohun tó bá sì sọ ni abẹ gé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ orúkọ yẹn. Wàyí o, ọmọ tó lè bí ń fi ọgbọ́n pè é lópùrọ́.

Kì í sì í ṣe eré ló ń fi ààwẹ̀ náà ṣe. Lọ́dún tó kọjá ni àtọ̀gbẹ gba ẹsẹ̀ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí dókítà sọ fún òun náà pé ṣúgà rẹ̀ ti ń gòkè, pé kí ó dín ara kù, kí ó sì máa jẹun láàárín wákàtí mẹ́jọ péré lóòjọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Láti aago méjìlá ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́, ó ń jẹun. Wákàtí mẹ́rìndínlógún tó kù, ó ti ẹnu pa. Àní nígbà tí wọ́n ń ṣe ìkómọ ní ilé kejì, tí òórùn ẹran díndín ń wọlé láti ojú fèrèsé láàárọ̀, kò jáde.

Ó kúrò ní Hwolshe níbi tí ilé ìwòsàn náà wà, ó yà ní kẹ́míìsì, ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà. Èrò rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ló ti ṣìwèrè. Nígbà tó dé ilé tó tú páálí rẹ̀, ó rí ìgò kékeré kan nínú rẹ̀, omi tí wọ́n ti kọ iye ṣúgà rẹ̀ sára ìgò, kí èèyàn lè fi dán ẹ̀rọ wò. Inú rẹ̀ dùn. Bí òun náà ṣe ń fi irin tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán òṣùwọ̀n wò nìyẹn. Ó kán omi náà sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó wà lára ìgò ni ẹ̀rọ ń pè.

"Ẹ̀rọ yìí dáa," ó sọ fún Ọmọ́tọ́ṣọ́, ìyàwó rẹ̀. "Ó kù kí n mọ bí èmi fúnra mi ṣe wà."

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe jí ní aago mẹ́fà, ó gún ìka. 106. Ó wẹ̀, ó múra, ó jókòó sórí àga lójú ìyàwó rẹ̀ títí di aago mẹ́sàn-án, àsìkò tó máa ń lọ sílé ìwòsàn, ó sì tún gún ìka mìíràn. 133.

Ó wo ẹ̀rọ náà títí. "Ojú ẹ ni mo wà láti àárọ̀. Ṣé o rí mi kí n jẹun?"

"Ẹ ò jẹun," Ọmọ́tọ́ṣọ́ fèsì. Ó ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n ẹ mu páúdà Kẹ́mi ní aago mẹ́jọ, ẹ sì jẹ fítámì méjì."

"Oògùn nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé oògùn ni ẹ ń pè é. Ẹnu náà ló ṣáà gbà wọlé."

Olúwakẹ́mi, àbúrò Ọmọ́tọ́ṣọ́, ló ń ta páúdà náà nínú agolo aláwọ̀ ewé. Ṣíbí ńlá méjì sínú ife omi, láràárọ̀, kí ebi má baà pa ẹni tó ń gbààwẹ̀. Fítámì náà rọ̀, ó dùn, bíi súìtì ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ tí Ọládiípọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ló ti ń lo méjèèjì, kò sì ka èyíkéyìí sí oúnjẹ.

Bó ṣe máa ń tú òṣùwọ̀n palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí ibi tó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ọjọ́ kan, omi lásán: 101 ní aago mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kejì, fítámì nìkan: 110. Ọjọ́ kẹta, páúdà nìkan: 130. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó tún omi lásán ṣe lọ́jọ́ kẹrin kí ó lè dá a lójú, 100 ló sì rí. Nígbà náà ló gbé agolo náà sábẹ́ gíláàsì tó fi ń wo àwọn ìdè wẹ́wẹ́ inú òṣùwọ̀n. Níwájú, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ pé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, orúkọ gígùn kan ló ṣáájú gbogbo ohun tí wọ́n pò pọ̀: màtódẹ́sítírìn. Kò mọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ ni ó pọ̀ jù nínú agolo.

Ó gbé agolo àti ẹ̀rọ rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù Olúwakẹ́mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ó ti tán ni?"

"Kò tíì tán. Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá. Èmi náà ń gbààwẹ̀ o. Ọ̀sán ni mò ń jẹ."

"Ó dáa. Na ìka rẹ wá. Mi ò wá bá ẹ jà."

Olúwakẹ́mi rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó na ìka. 88. Ọládiípọ̀ ní kí ó po páúdà náà bó ṣe máa ń pò ó fún ara rẹ̀, kí ó mu ún, kí àwọn méjèèjì sì jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ro gbogbo ohun tó kọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ fún un. Ojú Olúwakẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní ṣúgà, Bọ̀ọ̀dá. Ohun tí wọ́n kọ ni mò ń sọ fún àwọn èèyàn."

"Mo mọ̀ pé o ò tan ẹnikẹ́ni. Jẹ́ ká dúró."

Ibi tí wọ́n jókòó sí ni Amirah ti wọlé bá wọn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó máa ń bá ìyá rẹ̀ ra páúdà náà. "Àǹtí Kẹ́mi, sannu. Agolo méjì. Màmá ní òun ò lè ṣe ààwẹ̀ òun láìsí i, wallahi."

Ọwọ́ Olúwakẹ́mi ti dé orí pẹpẹ. Agolo méjì náà wà níbẹ̀. Ó wo Ọládiípọ̀. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Amirah, jókòó díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù ká mọ ohun tí mò ń tà fún yín."

Nígbà tí àsìkò pé, ó gún ìka ara rẹ̀, kò jẹ́ kí Ọládiípọ̀ bá òun gún un. 136. Ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí Amirah kí ó rí i.

"Omi lásán ni ẹ̀jẹ̀ mi rò pé mo mu? Rárá, ó rò pé mo jẹ oúnjẹ àárọ̀. Mi ò ní tà á fún ẹ. Ṣé Màmá ń lo oògùn ṣúgà?"

"Wọ́n ń lò ó."

"Kí wọ́n má gbààwẹ̀ mọ́ títí dókítà wọn á fi mọ̀ sí i, torí oògùn ṣúgà lórí ikùn òfìfo léwu. Èmi fúnra mi máa wá bá wọn sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ yìí, kí wọ́n má baà rò pé ìwọ lo gbàgbé láti ra ọjà."

Ó lọ nírọ̀lẹ́ náà lóòótọ́. Ó tún fi ohùn ránṣẹ́ lórí wasáàpù sí gbogbo àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìfi bò: òun ti ní páúdà náà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, òun ṣìnà, ó ń bà á jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Theresa gún ìka Ọládiípọ̀, ó wo nọ́ḿbà, ó gún òmíràn. 99, lẹ́yìn náà 98.

"Baba, kí ni ẹ ṣe?"

Ọládiípọ̀ gbé agolo náà lé tábìlì. Theresa ka ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ìyẹ̀fun àgbàdo tàbí ti pákí ni wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní màtódẹ́sítírìn. Wọ́n lè má pè é ní ṣúgà lára agolo, ṣùgbọ́n bó bá ti dé inú, ṣúgà ló ń dà, kì í sì í pẹ́. Fítámì onísúìtì yẹn náà ní ṣúgà tirẹ̀. Ẹ lo irú èyí tí ẹ kàn máa gbé mì, kí ẹ sì lò ó pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn kan nínú fítámì ń fẹ́ òróró oúnjẹ kí wọ́n tó wọ ara dáadáa. Láàárọ̀, omi lásán, tàbí tíì tí kò ní ṣúgà, tí kò ní mílíìkì." Ó dá agolo náà padà sórí tábìlì. "A yi hakuri, Baba, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ ń jẹun lẹ́yìn wa."

"Ẹ bi mí bóyá mo jẹun, mo sì dá yín lóhùn. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ béèrè ohun tí èèyàn mu pẹ̀lú."

Theresa ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ó ní kí ó wá bá àwọn tó ń wá wo ṣúgà ní Ọjọ́bọ̀ sọ̀rọ̀, Ọládiípọ̀ sì wá, ó fi Hausa tó já gaara sọ ohun tó rí fún wọn, láìfi iyọ̀ sí i.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti fi kílò márùn-ún fúyẹ́, dókítà ò sì mẹ́nu ba oògùn mọ́. Ní ti Olúwakẹ́mi, ó dá páálí tó kù padà fún ẹni tó ń kó ọjà fún un. Àwọn oníbàárà kan bínú, wọ́n ò padà wá. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tí wọ́n rà níbòmíràn wá bá a: kọfí oníbébà tí mílíìkì àti ṣúgà ti wà nínú rẹ̀, tíì tó ń fọ ikùn, èròjà aládùn tí wọ́n ń dà sómi. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ lẹ máa bá a lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń yí ẹ̀yìn páálí sí ìmọ́lẹ̀, tí obìnrin méjì tàbí mẹ́ta dúró tì í. Ó ń ka ohun tó wà níbẹ̀ síta fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá mọ̀, ó ń pe Theresa.