Fún Un Díẹ̀

Ojúlé kan náà ní Pedro ni èmi àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ń gbé, ẹ má sì bi mí pé ta ni mo gbè lẹ́yìn. Ìkà pàdé ìkà ni.

Gbàdàmọ́sí, ẹ̀gbọ́n, ni ojú rẹ̀ fọ́. Mẹkáníìkì ni tẹ́lẹ̀ ní Fola Agoro. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lókèèrè, á ti sọ ohun tó ń ṣe é. Láti ìgbà tí ojú ti lọ, Saheed àbúrò rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ yẹn ló sì ń bọ́ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí Saheed bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, á rọra sún abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń táràrà káàkiri tábìlì. Á wá bú sẹ́rìn-ín. Inú máa ń bí mi débi pé mo máa ń pòṣé, àmọ́ ta ló gbọ́ tèmi?

Nígbà tó yá, ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Palmgrove fẹ́ kí Saheed máa fi ọkọ̀ náà gbé òun. Ọkọ̀ sì ń ké kẹ-kẹ-kẹ bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Tápẹ́ẹ̀tì ni," Gbàdàmọ́sí wí. "Àlàfo orí àwọn fáàfù ló ti fẹ̀ jù."

Láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, Saheed ṣí i sílẹ̀ nínú àgbàlá, ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ wá síbẹ̀. Gbàdàmọ́sí ki irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo bọ ti àkọ́kọ́, ó fà á wò.

"Fún un díẹ̀."

Saheed fi sípánà fún un.

"Tún fún un."

Ó tún fún un. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà kò wọlé mọ́ rárá. Gbàdàmọ́sí tì í títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ti dáa báyìí. Bọ́ sí èyí tó kù."

Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún wa pé tápẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo kò léwu, èyí tó bá dákẹ́ jù ni kí á bẹ̀rù, torí fáàfù tí kò bá ráyè padé, jíjó ló máa jó. Mo ń fọ aṣọ mi lọ.

Nígbà tí Saheed ṣáná sí ọkọ̀, a ò gbọ́ kẹ-kẹ-kẹ mọ́. Ó fọwọ́ gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí.

"Bọ̀dá, ẹ ṣì wúlò o! Afọ́jú tó ń sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì!"

Ọ̀gá gbà á síṣẹ́. Kò pẹ́, ọkọ̀ kò lágbára mọ́, ó sì kú mọ́ ọ̀gá náà lórí nínú oòrùn ní Ikorodu Road, lọ́jọ́ tó ń sáré lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Fáàfù ti jó. Wọ́n lé Saheed.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fún un!" Ó ń pariwo, itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ní kí o fún un láyè ni. Àbí o ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni?"

Ẹ̀rín pa mí, mi ò ní parọ́. Wọ́n sì ní ẹni tó bá máa gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Saheed gbé abọ́ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sún un lọ́tẹ̀ yìí. Gbàdàmọ́sí nawọ́, ó bá a lẹ́ẹ̀kan náà, ó fìka yí inú rẹ̀ ká. Òfìfo ni.

"Saheed, oúnjẹ mi dà?"

"Mo ti fún yín, bọ̀dá."

Ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ tirẹ̀ lọ.