Ọpẹ́ tí Mo Fi Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Bí ènìyàn bá bi ọ́ pé, "Ṣé ara le?", kí ni ìdáhùn tó jẹ́ òtítọ́? Mo mọ̀ pé ìbéèrè náà lè dà bí eré. Gbogbo wa la mọ ohun tí à ń fi dá a lóhùn, a kì í sì í ronú kí a tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọdún méje gbáko ni mo fi dáhùn rẹ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ìdáhùn yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n máa wá àṣìṣe inú rẹ̀. Orí àga la ti ń ṣe é, ìbàdí mi ni kò sì fọwọ́ sí i mọ́. Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ó gba ìdí òsì, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. N kò lè jókòó tó wákàtí kan. Mo lo oògùn funfun, mo lo pupa. Mo sùn lórí pákó. Mo di ìgbànú líle mọ́ ìbàdí bí ẹni tó ń lọ jà. Dókítà kan ní ọjọ́ orí ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí nígbà náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jáde.

Ọ̀gá wa ní ilé ìtẹ̀wé kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó gbé ìwé kíkà kan tí wọ́n ń ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ fún mi, ó lé ní irinwó ojú ewé. Ó ní, "Bí o bá lè parí eléyìí láàárín oṣù mẹ́ta, àyè rẹ ṣì jẹ́ tìrẹ. Bí kò bá ṣeé ṣe, jọ̀wọ́, lọ sinmi. Mi ò fẹ́ kí o kú sórí àmì kọ́mà." N kò ní iṣẹ́ mìíràn tí mo fẹ́ràn. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ìdì ìwé náà, ẹsẹ̀ mi sì gbaná.

Màámi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń kan ilẹ̀kùn yàrá mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní, "Ṣé ara le?" Èmi náà á ní, "A dúpẹ́, Màámi." Mo lè di etí bẹ́ẹ̀dì mú, kí n sì wa eyín pọ̀, a dúpẹ́ náà ni n ó sọ.

Àwọn ni wọ́n gbọ́ pé dókítà àgbà kan, obìnrin, ti dé sí ilé ìwòsàn tí mo ń lọ. Wọ́n fi dandan tẹ̀ lé mi. Dókítà náà ti hu ewú, awò ojú méjì ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Wọ́n ka fáìlì mi tó ti nípọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò rí i kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìgbà mọ́kàndínlógún lo ti wá síbí. Ìgbà mẹ́rìndínlógún nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ pé ara rẹ ti ń yá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, mà?" Inú ti ń bí mi.

"Ìwọ ni. Wò ó: 'Aláìsàn ní òun dúpẹ́.' 'Aláìsàn tún dúpẹ́.' Èyí tún rèé: 'Ó dúpẹ́ gidigidi.'"

Màámi, tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, èmi ni mo kọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé ó máa gbé e débí."

Ojú tì mí. Èmi tí mo ń fi bírò pupa lé àṣìṣe ẹlòmíràn kiri ti sọ àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógún. Mo gbà pé "Ṣé ara le?" kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjì. Lójú pópó, ẹ̀bùn ni. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fi òmíràn dá a padà. Níwájú dókítà, ìbéèrè ni. Mo ti ń fi ẹ̀bùn san ìbéèrè.

Dókítà ní, "Láti òní lọ, fi ọpẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Kò sẹ́ni tó máa jí i; wàá bá a níbẹ̀ nígbà tó o bá ń lọ. Ó yá, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ìbàdí àti ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mà."

"Oyin náà ń dùn. Wá ọ̀rọ̀ tó ju ìyẹn lọ. Ṣebí iṣẹ́ rẹ ni."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ka ara mi bí ẹni ń ka ojú ìwé. "Ìbàdí ń ro," mo wí díẹ̀díẹ̀. "Ẹsẹ̀ kò ro. Ẹsẹ̀ ń jó. Ó ń ta mí láti ìdí dé àtàǹpàkò, bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Bí aṣọ bá kàn án, ó tún burú sí i."

Dókítà yọ awò ojú. "Ọdún méje ni wọ́n ti ń fún ọ lóògùn ríro. Ríro gbọ́ díẹ̀, jíjó ò gbọ́ rárá."

Wọ́n yẹ̀ mí wò fínnífínní, wọ́n sì ṣàlàyé pé ohun kan ń fún fọ́nrán tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ, pé irú ìrora bẹ́ẹ̀ ní oògùn tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ fún mi, wọ́n kọ́ mi ní ìdárayá mẹ́ta tí n ó máa ṣe lórí ẹní, wọ́n sì ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ ìrora ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. "Mi ò ṣèlérí pé gbogbo ẹ̀ á lọ. Mo ṣèlérí pé a óò mọ ohun tí à ń bá jà."

Bí a ti jáde, Màámi dì mí lápá mú. "Èmi náà ò fẹ́ 'a dúpẹ́' yẹn mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé irọ́ ni; ohùn ẹ máa ń há lórí ẹ̀. Ọjọ́ tó bá di òótọ́ ni kó o sọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni òwúrọ̀ wa ṣe yí padà. "Ṣé ara le?" "Ó ń jó, Màámi." "Mo gbọ́." N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé "mo gbọ́" lè tu ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀. Oògùn náà kọ́kọ́ sọ mí di olóorun. Mo sùn lọ sórí orí kẹta ìwé náà lọ́sàn-án gangan, dókítà sì dín in kù.

Ní ibi iṣẹ́, ọkùnrin tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí a ń pè ní Àmì-Ohùn nítorí pé kì í rántí fi í sí, rí ìwé àkọsílẹ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, 'ro, ro, ro' lẹ kọ síbí. Ṣé ẹ̀ ń rò ni, àbí ẹ̀ ń ro oko?"

"Ìwọ! Ọjọ́ wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àmì?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ohun tó ń ṣe mí fún un, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo bá tábìlì mi lórí ìdì bébà mẹ́rin, kí n lè máa kàwé lórí ìdúró. "Gbogbo bébà yẹn, àṣìṣe mi ló bà á jẹ́," ó wí. "Ẹ ò rí i pé ó wúlò?"

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, "ta" bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọjọ́ nínú àkọsílẹ̀ mi. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, "jó" wá lẹ́ẹ̀kan péré. Mo parí ìwé náà nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù mẹ́ta pé. Ọ̀gá ṣí i síbí, ó ṣí i sọ́hùn-ún, ó sì gbé ìdì mìíràn lé tábìlì mi gíga. "Òmíràn rèé. Jókòó tì í. Àbí, má bínú, dúró tì í."

Lọ́jọ́ kejì, ìmọ́lẹ̀ ti dé ara ògiri kí n tó lajú. N kò tilẹ̀ jí lẹ́ẹ̀kan lóru. Ilẹ̀kùn dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ara le?"

N kò kánjú. Mo na ẹsẹ̀ òsì, mo ká a, mo tún un nà.

"Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan o," Màámi wí.

"Ẹ ní sùúrù, Màámi, mò ń kà á lọ́wọ́."

Wọ́n dúró. Mo gbọ́ tí wọ́n fara ti ilẹ̀kùn.

"Ìbàdí ṣì ń ro díẹ̀," mo wí. "Ẹsẹ̀ dákẹ́. A dúpẹ́, Màámi."