Omi Tí Màmá Kò Mu

Dókítà náà fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ Màmá sókè, ó sì tú u sílẹ̀. Awọ náà kò padà. Ó dúró ṣánṣán bí ìṣẹ́po aṣọ tuntun. Àkọ́bí, ọmọ rẹ̀ tó ń ránṣọ jẹun, rí i, ó gbójú kúrò.

"Màmá, ìgbà wo lẹ mu omi kẹ́yìn?"

"Ohun tí ìwé yín kọ, n kò rú u," ni Màmá dáhùn.

Bàbá Oorun ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pe dókítà yìí, torí òun ló ń fún àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní oògùn oorun. Wọ́n ní òun nìkan ni ọ̀gá tí kì í bínú bí èèyàn bá sùn níwájú rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ètè Màmá tó ti bó, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó jáde.

Màmá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Ohun tó wà láàárín èmi àti Ẹlẹ́dàá mi, má gbé e síta o."

Ìwé ọsibítù ní kí Màmá má jẹun láti alẹ́ àná, ṣùgbọ́n ó lè mu omi títí di aago mẹ́fà àárọ̀. Màmá kà á tán, ó ní bí ààwẹ̀ òru kan bá tó fún dókítà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló tọ́ sí Ọlọ́run. Láti ìjẹta ni ife omi rẹ̀ ti wà lórí tábìlì, àwo pẹlẹbẹ lórí rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nìkan ni kò fi sílẹ̀, èyí tó máa ń mú un tọ̀ léraléra. Itọ́ ẹnu ló fi ń gbé e mì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún iṣẹ́ abẹ òkúta inú òróòro yìí síwájú, Màmá sì ti búra pé bí wọ́n bá sún un lẹ́ẹ̀kẹta, ilé ni òun máa kú sí.

Àkọ́bí dìde, ó ní òun ń bọ̀.

Ó bá Bàbá Oorun nídìí omi tó ti ń fọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, oògùn oorun yẹn, ṣé ojú nìkan ló ń pa dé?"

"Ì bá dáa. Ó ń dẹ ẹran ara, títí kan èyí tí a fi ń mí, ìyẹn la ṣe ń fi ẹ̀rọ bá wọn mí. Ó ń dín agbára ọkàn kù díẹ̀. Ó tún ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Bí omi bá wà lára, a ó rí i bójú tó. Bí ara bá ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ kò ní kún ọ̀nà tó ti fẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn á máa sáré lásán, ó sì lè dúró." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ jọ ń gbélé. Kí ni mi ò tíì mọ̀?"

Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Màmá ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì ilé wọn, kó tó mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n lónìí, orí Màmá ni ọgbẹ́ náà ń bọ̀ wá bá. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dórí itọ́ ẹnu.

Dókítà kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní iṣẹ́ abẹ di ọ̀la, kí wọ́n fa omi sí i lára kíákíá.

Nígbà tí Àkọ́bí padà wọlé, wọ́n ti gbé omi kọ́, Màmá sì ti kọjú sí ògiri.

"Ìwọ lo tà mí."

Láti kékeré, kò sí àárọ̀ tí Màmá kì í fi oríkì pè é: abẹ́rẹ́ mi tín-ín-rín, tí adìẹ ò leè gbé mì. Lónìí, ó di "ìwọ." Àkọ́bí jókòó, kò bẹ̀bẹ̀. Omi ń kán. Àpò kan tán, wọ́n so òmíràn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó di ọ̀sán, nọ́ọ̀sì ní Màmá lè mu omi díẹ̀díẹ̀. Àkọ́bí bù ú, ó nà án sí i. Màmá kò gbà á. Àkọ́bí gbé ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò fi nǹkan kan bò ó.

Màmá béèrè láì yíjú padà:

"Ọlọ́run ò ní bínú?"

"Òun ló ni omi náà, Màmá."

Màmá yíjú padà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife, ó rọra mu ún tán, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ mi tín-ín-rín," ló wí. "Bù sí i."