Iyàrá Ẹ̀yìn

Adétutù gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó tutọ́ síta láti ojú fèrèsé. "Ẹ̀gbin! Ẹ̀gbin pátápátá!"

Miriam, tí wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé náà ní Kabba, yíjú sí i nídìí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì. "Kí ló dé?"

"Ìwé Bàbá mi ni. Iṣu tí mo jẹ láàárọ̀ fẹ́ padà jáde."

Tíṣà Láwọ̀yín, baba rẹ̀, ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ kò fẹ̀yìntì lọ́dọ̀ bírò. Ọdọọdún ló ń kó ìwé wá láti Odo-Ape kí ọmọ rẹ̀ bá a tẹ̀ ẹ́, ìtàn iwin àti òkú tó ń rìn lóru. Èyí ni àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ìwé: Ìtàn Adẹ́rùbani. Inú Adétutù dùn pé baba òun tún ti ń kọ̀wé. Kò mọ̀ pé ìdin ló kó wá fún òun.

"Nǹkan kan wà nínú iyàrá ẹ̀yìn," ó ń ṣàlàyé fún Miriam. "Ó ń rùn, ìdin ń jábọ́ lára rẹ̀ sórí ẹní. Láràárọ̀, ọkùnrin kan á fi igi ìgbálẹ̀ ṣa ìdin náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì. Á nu ọyún, á fọ aṣọ, á tún fi ọwọ́ yẹn kan náà jẹun!"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí ló dé tí kò sá?"

"Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Kò sá, kò pe pásítọ̀. Á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kí i bí a ṣe ń kíra nílùú wa, 'Okun o.' Nǹkan náà á sì kérora."

Ó ṣí ojú ewé mìíràn. "Ó tún ta aṣọ pupa sẹ́nu ọ̀nà iyàrá náà."

"Aṣọ pupa?" Miriam pariwo. "Aṣọ tí wọ́n ń ta sára ilé olóyè tó kú? Fún ohun tí kò tíì kú?"

Adétutù tẹjú mọ́ ìwé náà. Ó ti rí aṣọ yẹn rí. Ó ti dúró níwájú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nínú ilé baba rẹ̀. Ó ń ka ìyókù sínú.

*Ogójì ọdún ni ẹni inú iyàrá yìí fi hun irú aṣọ yìí fún òkú ẹlòmíràn. Mo ní kó fojú ara rẹ̀ rí i pé òun náà tó ẹni tí à ń ta á fún. Ọmọbìnrin kan ti Kabba dé. Ó rí aṣọ náà, ó ní mo ti ka ìyá òun mọ́ òkú. Ó fi gèlè bo imú, ó gbé páálí ọṣẹ kalẹ̀, kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé ó ti jẹun?"*

Gbogbo ẹbí ni Adétutù sọ fún pé aṣọ pupa yẹn ló lé òun. Irọ́ ni. Òórùn ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tí àtọ̀gbẹ ń jẹ ló lé e. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó mọ́ tónítóní lórí tábìlì, ó sì kórìíra rẹ̀ ju ìdin lọ.

Ó pe baba rẹ̀ lórí fóònù. "Okun o, Bàbá."

"Okun, ọmọ mi. O ti tẹ̀ ẹ́ dé ibo?"

"Ẹnu ọ̀nà."

Ó gbọ́ bí baba ṣe fa àga, tó sì jókòó.

"Bàbá, ẹ ní ìtàn adẹ́rùbani ni."

"Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ìyàwó mi ni mò ń tọ́jú." Ó wúkọ́. "Ibi tí ọmọ yẹn ti dé, bó bá wù ọ́, yọ ọ́. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Mo ti gbọ́, sà."

Miriam ń bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Adétutù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kan *Ọmọbìnrin kan ti Kabba dé*. Ó pa "Ọmọbìnrin kan" rẹ́, ó tẹ "Adétutù" síbẹ̀, ó sì ń tẹ ìyókù lọ.