Àtàǹpàkò Bàbá Oyèwọlé

Fóònù gbọ̀n lórí tábìlì. Bàbá Oyèwọlé wò ó bí ẹni wo àkekèé. Akpevwe fẹ́ wọlé sórí ẹ̀rọ tó ń ṣí àwọn táǹkì. Bọ́tìnnì méjì ló wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀: àwọ̀ ewé, kó wọlé, pupa, kó má wọlé. Bàbá gbé ìka lé pupa, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi funfun.

Nnaemeka, tí wọ́n jọ ń ṣọ́ àwọn táǹkì, fò dìde lórí àga.

"Bàbá! Kí lẹ tẹ̀ yẹn?"

"Ohun tó wù mí."

"Ọkọ̀ ojú omi ń tú dísẹ̀lì o! Táǹkì kẹrin ti fẹ́ kún. Tí Akpevwe ò bá ṣí kẹfà, ibo ni gbogbo ẹ̀ fẹ́ gbà?"

"Èmi á lọ fọwọ́ ṣí i. Kí ìyá ẹ̀ tó lóyún ẹ̀ ni mo ti ń ṣí fáàfù ní Àpápá níbí."

Ẹ má tíì dá Bàbá lẹ́jọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni Akpevwe ti kọ́ṣẹ́. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló ti Ajégúnlẹ̀ wá, tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, tí kò mọ páìpù omi yàtọ̀ sí ti epo. Bàbá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi irin gígùn kan páìpù, kí wọ́n fi etí ti orí kejì, kí wọ́n gbọ́ bóyá epo ń sáré àbí afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ọmọ náà gbọ́n, ó gbọ́n ju bí Bàbá ṣe fẹ́ lọ. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ rán an lọ kọ́ ti kọ̀mpútà.

Láti oṣù méjì, Akpevwe kì í wá sí Àpápá mọ́. Pálọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń jókòó sí. Á ṣí bíráúsà, ibi yìí kan náà tí àwọn ọmọ yín fi ń wá ìdáhùn iṣẹ́ ilé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí, á tẹ nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i. Nítorí olè tó lè jókòó sí ìlú òyìnbó kó ṣí táǹkì, wọ́n ní Akpevwe ò gbọdọ̀ wọlé àfi tí Bàbá bá gbé àtàǹpàkò lé fóònù. Bó bá ti gbé e lé e, Akpevwe á wọlé, á sì ṣí fáàfù, ìdérí ẹnu páìpù, láti ibi tó jókòó sí.

Lójú àwọn ọ̀gá, ọlá ni. Lójú Bàbá, wọ́n ti sọ ọ́ di géètìmáànù. Mánéjà ní kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún Akpevwe. Ọgbọ̀n ọdún rèé, ta ló pàtẹ́wọ́ fún Oyèwọlé? Àwọn awakọ̀ tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i tẹ́lẹ̀ ti ń bi í léèrè báyìí pé, "Bàbá, ṣé Mádáàmù ti ṣí i?" Mádáàmù! Ọmọ tó máa ń bá a gbé fúláàsì.

Bàbá dé àkẹtẹ̀ irin, ó mú wọ́kì-tọ́kì tí wọ́n ṣe kó má ta iná, ó jáde. Ó fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, torí fóònù ò gbọdọ̀ dé ìdí táǹkì, iná kíún tó bá ta nínú rẹ̀ tó láti jó gbogbo Àpápá.

Ó dé ìdí fáàfù kẹfà. Ó fa ọ̀pá tó ń dá ẹ̀rọ tó ń yí fáàfù dúró kí ọwọ́ lè ṣiṣẹ́, ó di irin róbótó tí wọ́n fi ń ṣí i mú, ó yí i. Ó mì díẹ̀, ó sì há. Ó fi èjìká tì í. Kò lọ. Iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́; agbára ẹ̀rọ nìkan ló lè yí i báyìí. Ta ló yẹ kó máa fi gíríìsì pa á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Òun náà ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àtẹ́wọ́ yẹn ló ti ní kí ẹni tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wá pa á. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ.

"Bàbá, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kí kẹrin kún," Nnaemeka ń ké nínú wọ́kì-tọ́kì.

"Tẹ àwọ̀ ewé yẹn fún un!"

"Na your thumb e sabi, Bàbá! Akpevwe ti bẹ̀bẹ̀ àtiwọlé lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣé kí n ní kí ọkọ̀ dá epo dúró?"

Bí ọkọ̀ bá dúró, mánéjà á béèrè ìdí. Ọgbọ̀n ọdún á sì ṣòfò lọ́jọ́ kan.

"Dúró ná! Mò ń bọ̀."

Ó dá ọ̀pá padà fún ẹ̀rọ náà, ó sáré. Ẹ ò rí bí orúnkún ẹni ọgọ́ta ọdún ṣe ń sunkún. Ó dé ìdí tábìlì, ó gbé àtàǹpàkò lé fóònù. Fóònù ní òun ò mọ̀ ọ́n; òógùn àti ìpẹtà ló kún ọwọ́ rẹ̀. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún gbé e lé e. Kò gbà. Nnaemeka da omi ife rẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó fi kọ́là ara rẹ̀ nù ún. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbà.

"Ó ń ṣí," ni Nnaemeka wí, ojú rẹ̀ lára àwòrán táǹkì lórí kọ̀mpútà. "Ó ti ṣí. Akpevwe ti ń ti kẹrin pa. Bàbá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ má lọ ṣubú."

Fóònù dún. Akpevwe ni.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí."

"Ẹ̀rọ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kọ̀ fún mi o. Mánéjà á bi mí. Ṣé kí n ní ọwọ́ ló ṣèèṣì?"

Ọ̀nà àbáyọ rèé. Nnaemeka yí ojú sí fèrèsé.

"Nígbà tí mo kọ̀," ni Bàbá wí, "kí lo ṣe?"

"Mo dìde dúró, Bàbá. Mo ní ẹ ti rí nǹkan tí mi ò rí. Bóyá páìpù ń jò, bóyá ẹnìkan wà nídìí fáàfù. Àwòrán lèmi ń wò níbí. Ẹ̀rù ń bà mí, mo wá ń bẹ̀bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹ ti tún un ṣe."

Bàbá yọ àkẹtẹ̀ irin rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó jókòó.

"Kò sí ohun tí mo rí," ló wí. "Inú ló ń bí mi sí ẹ. Bó o ṣe máa sọ ọ́ fún mánéjà nìyẹn."

Nínú fóònù, Bàbá gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò Akpevwe, ó gbọ́ tí ìyá kan ń pe ọmọ wá jẹun lójúde. Oṣù méjì yìí, àga ńlá ló ti ń fọkàn yàwòrán pé Akpevwe ń jókòó sí, àga ọ̀gá. Ní báyìí, ó rí i pé àga pálọ̀ lásán ni, ọmọbìnrin kan sì dúró tì í, kò lè jókòó, ó ń wo àwòrán táǹkì tí kò lóòórùn.

Ó di fóònù náà mú létí. Kò pa á.