Imọ̀ Ọ̀pẹ Lára Okùn

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ṣàmsídéènì ti pẹ́ dé ilé àna rẹ̀ ní Sakété. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Àlàájì Nàfíù, bàbá Màrúfátù tí Ṣàmsídéènì ń fẹ́, ẹni tí ń ta páànù ìbolé lọ́jà Sakété, kì í ṣe ẹni tí ń pariwo. Ó kàn sọ ọ́ lórí fóònù bí ẹni tí ń dá iye lé ọjà ni: "Bí wọ́n bá kírun Àsárì ní Sátidé tí n kò rí ọ, má wulẹ̀ wá mọ́. Ọkùnrin tí kò lè mú ara rẹ̀ dé ibi tí ó ń lọ, ibo ni yóò mú ọmọ mi dé?"

Nítorí náà, ní àárọ̀ Sátidé, Ṣàmsídéènì tètè wẹ̀. Ó wọ agbádá funfun, ó wọ ṣòkòtò funfun, ó dé fìlà funfun, ó sì jókòó sínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀ bí ẹni tí ayé yẹ. Kò tí ì kúrò ní Pobè tán, ẹ̀bá ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ ni ó dé, tí nǹkan fi já nínú ẹ́ńjìnì, pàà! Ọkọ̀ kú. Ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò jí. Àwọn tí ń kọjá bá a tì í, kò jí.

Ó pe Basile, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí Basile ti ń fi ọkọ̀ ńlá gbé símẹ́ńtì láti Onigbolo kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì fi ọkọ̀ kọlu adìyẹ rí. Jíìpù kan ni ó ń wà báyìí, ó sì ń wà á bí ẹni tí ó ru ẹyin. Nígbà tí ó dé, kò kí ọmọ náà kú ewu. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó yọjú wò ó, ó sì pa á dé.

"Okùn rọ́bà inú rẹ̀ ló já. Mẹkáníìkì tí ó lè ṣe é, Sakété ló wà. Sakété náà ni ìyàwó wà. A óò fà á lọ."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gun alùpùpù lọ, kí àsìkò má baà lọ."

"Kí o já ọkọ̀ rẹ sílẹ̀ lójú ọ̀nà? Àna rẹ yóò bi ọ́ pé lọ́jọ́ tí ìyàwó bá ṣàìsàn, ojú ọ̀nà ibo ni wàá já òun náà sí."

Ṣàmsídéènì ní òun yóò bá a jókòó nínú jíìpù nígbà náà.

"Ta ni yóò wá darí ọkọ̀ tẹ̀yìn? Iwin? Fetí sílẹ̀, n kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì." Basile ti ń so okùn bí ó ti ń sọ ọ́. "Má yọ kọ́kọ́rọ́, kí ìdarí má baà tì pa. Fi jíà sí mọ́ọ̀." Póìn mọ́ọ̀ ni àwọn elédè Faransé ń pè é, ìyẹn ni pé kí jíà má di ẹ́ńjìnì mú, ṣùgbọ́n Basile kì í fi ọ̀rọ̀ méjì ṣe iṣẹ́ ọ̀kan. "Ìjánu ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ a máa le, nítorí náà, fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ kò gbọdọ̀ kúrò lára okùn. Bí okùn bá ń dẹ̀, tẹ ìjánu díẹ̀ kí ó lè le padà. Okùn tí ó dẹ̀ tí a tún fà lójijì, jíjá ni yóò já. Tan iná ìkìlọ̀, kí ó máa ṣẹ́jú. Ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí o lè gbọ́ ohùn mi. Ọwọ́ méjèèjì lórí ìdarí. Má wo ọ̀tún, má wo òsì, má kí ẹnikẹ́ni. Ó yá, mú fóònù wá."

"Fóònù mi kẹ̀?"

"Ẹni tí à ń fà kì í sọ̀rọ̀."

Ó gba fóònù, ó fi í sápò. Ó wá ku aṣọ pupa tí ó yẹ kí wọ́n so sí àárín okùn, kí aláìmọ̀kan má baà fẹ́ gba àárín ọkọ̀ méjèèjì kọjá. Wọ́n tú jíìpù, wọ́n tú ọkọ̀ kékeré, wọn kò rí pupa kankan. Basile wo ọ̀tún, ó rí ọ̀pẹ. Ó wo òsì, ọ̀pẹ náà ni. Kò jẹ́ kí àsìkò ṣòfò. Ó bẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tútù, ó so díẹ̀ mọ́ okùn, ó sì so èyí tí ó ṣẹ́kù mọ́ iwájú ọkọ̀ kékeré àti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ohun tí ó bá ti ń mì lẹ̀lẹ̀, ojú á rí i," ni ó wí.

Kò sí ọmọdé kan láti Pobè dé Sakété tí kò mọ̀ pé ọkọ̀ tí a bá so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́, òkú ni ó gbé. Ṣùgbọ́n símẹ́ńtì ni Basile fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé, símẹ́ńtì kì í sì í kú. Ní ti Ṣàmsídéènì, Àsárì nìkan ni ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Wọ́n gbéra. Èéfín jíìpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba fèrèsé wọlé bí àlejò tí a kò pè. Ṣàmsídéènì húkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Basile dúró, ó mú òwú jáde láti inú àpótí ìtọ́jú, ó ní kí ó fi dí imú, kí ó máa fi ẹnu mí. Ó dí ihò méjèèjì, wọ́n sì tún gbéra, jẹ́jẹ́, bí ìgbín tí ń lọ sí oko ẹlòmíràn.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ya Ṣàmsídéènì lẹ́nu ni ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún un. Àwọn àgbàlagbà ń ṣí fìlà. Obìnrin kan tí ó ru ẹ̀gẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. Ọkọ̀ símẹ́ńtì kan, irú àwọn tí kì í yà fún ọba, yà sínú koríko, awakọ̀ rẹ̀ sì tẹrí ba. Àwọn sẹ́mìjàn tí ń fi alùpùpù gbé èrò, tí wọn kì í ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni, tò sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ láìya ẹnìkan sílẹ̀. Orí Ṣàmsídéènì wú. Ó ní àṣé bí ènìyàn bá múra dáadáa, ayé á mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó yá, ìwà ọmọlúàbí borí òfin Basile, ó gbé ọwọ́ kan sókè díẹ̀ láti fi kí sẹ́mìjàn kan tí ó wá pàdé rẹ̀. Sẹ́mìjàn náà wò ó, ó ké "Yéè!", òun àti èrò rẹ̀ sì wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ.

"Òpònú," ni Ṣàmsídéènì wí nínú ara rẹ̀, ó sì dá ọwọ́ padà sórí ìdarí.

Ní oríta tí ó yà sí Ita-Djèbou, Basile dúró láti yẹ kókó okùn wò. Ibẹ̀ ni Jocelyne ti ń ta bẹntiróòlù inú ìgò. Òun àti Màrúfátù jọ lọ sílé ìwé. Ó rí imọ̀ ọ̀pẹ, ó bọ́ bàtà, ó sì rọra súnmọ́ wọn. Nígbà tí ó yọjú wo inú ọkọ̀ kékeré, ìgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe Basile ní Fòfó, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n lágbègbè náà.

"Fòfó Basile! Ṣé kì í ṣe Ṣàmsídéènì ti Màrúfátù nìyí?"

"Òun ni."

"Háà! Kí ló ṣe é?"

Basile rò pé ọkọ̀ ni ó ń béèrè. "Ó kú láàárọ̀ yìí, lẹ́bàá ọgbà ọ̀pẹ."

"Lójijì bẹ́ẹ̀?"

"Nǹkan kàn já nínú rẹ̀ ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ pé kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò. Ta ló gbọ́?"

"Ẹ kò ṣe é kí ó jí?"

"Wọ́n tì í, wọ́n tì í. Kò jí."

"Ẹ wá gbé e jókòó sídìí ọkọ̀, Fòfó? Pẹ̀lú fìlà lórí?"

"Ta ni ìwọ fẹ́ kí ó darí rẹ̀? Kò sí ewu. Ó wà ní mọ́ọ̀."

Jocelyne lọ sílé ìwé, ó mọ̀ pé òkú ni mọ́ọ̀ túmọ̀ sí lédè Faransé. Ó ká ọwọ́ lérí. "Ibo lẹ wá ń gbé e lọ?"

"Ilé àna rẹ̀. Ó gbọdọ̀ débẹ̀ kí wọ́n tó kírun Àsárì."

Gbogbo rẹ̀ ni Ṣàmsídéènì gbọ́, kò sì rí irọ́ kan nínú rẹ̀. Ohun tí kò yé e ni bí ẹnìkan ṣe lè máa sunkún báyìí nítorí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ tí ó láàánú ni Jocelyne. Ó wù ú kí ó sọ fún un pé mẹkáníìkì yóò tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí à ń fà kì í sọ̀rọ̀. Ó tẹ ìjánu mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ okùn, kò mì.

Wọn kò tí ì lọ jìnnà tí Jocelyne fi pe Màrúfátù. Màrúfátù ké, ó pe Ṣàmsídéènì. Fóònù dún títí nínú àpò Basile, ṣùgbọ́n Basile kì í gbé fóònù nídìí ọkọ̀. Nígbà tí kò sí ìdáhùn, Àlàájì Nàfíù gbà pé òótọ́ ni. Òkú kì í pẹ́ nílẹ̀ nílé Mùsùlùmí, Àlàájì fúnra rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Bí wọ́n bá ń gbé òkú bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òkú fẹ́ sùn. Ó pe àwọn ọkùnrin àdúgbò, ó fi ilẹ̀ hàn wọ́n lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì gbẹ́ sàréè síbẹ̀.

Báyìí ni jíìpù ṣe wọ àgbàlá náà pẹ̀lú ọ̀wọ́ alùpùpù lẹ́yìn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga lókè, ó sì dà sí ìsàlẹ̀ níhà ẹnu ọ̀nà. Basile gòkè dé abẹ́ igi máńgòrò, ó tú okùn, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí fèrèsé: "Ìjánu ọwọ́ rẹ kò mú. Má gbé ẹsẹ̀ kúrò títí n óò fi rí òkúta há táyà." Ó wá òkúta lọ. Gbogbo òkúta àgbàlá ni wọ́n ti kó lọ sẹ́bàá kòtò.

Àwọn ènìyàn yí ọkọ̀ ká. Màrúfátù gbé orí lé iwájú rẹ̀, ó ń sunkún. Àlàájì Nàfíù ti àárín wọn já wá síwájú, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ wo ọmọ yìí! Mo ní kó dé kí wọ́n tó kírun Àsárì. Ikú dá a dúró lọ́nà, ó tún dé kí wọ́n tó kírun! Àwọn ọmọ tèmi tí wọ́n wà láàyè, èwo nínú wọn ló ń dé lásìkò? Mo ṣẹ̀ ẹ́. Bí Ọlọ́run bá dá a padà fún mi nísinsìnyí, níbí yìí ni n óò ti fa Màrúfátù lé e lọ́wọ́. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́ o!" ni àwọn sẹ́mìjàn dáhùn.

Ìgbà yìí ni ó yé Ṣàmsídéènì. Imọ̀ ọ̀pẹ, fìlà tí wọ́n ń ṣí, ẹkún Jocelyne, gbogbo rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rántí òkúta tí kò tí ì dé. Omijé ayọ̀ bọ́ sí i lójú, omijé rin òwú, òwú sì rìn ín nímú. Ó fa ojú ro, ó di í mú. Kò ṣeé dì mú.

"Hàtíṣù!"

Òwú méjèèjì fò jáde, wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì níwájú Àlàájì.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni òkú wí.

Èwo ni ká kọ́kọ́ sọ? Sẹ́mìjàn kan gun igi máńgòrò. Àlàájì sá sẹ́yìn páànù tí ó tò jọ, Màrúfátù nìkan ni kò sá. Ṣùgbọ́n sísín náà ti ká ẹsẹ̀ Ṣàmsídéènì kúrò lórí ìjánu. Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kíákíá, ó sọ̀ kalẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wọ inú sàréè, gbìì! Imú rẹ̀ gòkè, imọ̀ ọ̀pẹ sì ń mì lẹ̀lẹ̀ níwájú rẹ̀.

Basile dé pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́. "Ta ló gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà ọkọ̀?"

Láti ẹ̀yìn páànù, ohùn Àlàájì jáde: "Ìwọ Ṣàmsídéènì! Ṣé o kú ni, àbí o kò kú?"

"N kò kú, Bàbá. Ọkọ̀ ló kú."

"Ta ló wá ní ó kú?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Basile wí. "Ó sì kú. Ṣé ẹ̀yin rí i kí ó máa rìn ni?"

Àlàájì jáde, ó fẹsẹ̀ kan ṣíwájú, ó wo ọkọ̀ nínú sàréè. Wọ́n ní sàréè tí a bá ti gbẹ́, kò gbọdọ̀ ṣófo. Ó mí kanlẹ̀. "Òkú ti rí ilé rẹ̀ wọ̀ nìyẹn." Ó wá yíjú padà. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òkú ni mo sọ ọ́ fún."

"Bàbá," ni Màrúfátù wí, "ẹ ní bí Ọlọ́run bá dá a padà."

"A gbọ́ ọ dáadáa," ni sẹ́mìjàn orí igi wí.

Nígbà yẹn ni ìpè Àsárì dún láti mọ́ṣáláṣí. Àlàájì fetí sí i títí dé òpin. Ó wo Ṣàmsídéènì, tí orí rẹ̀ kọ sókè nínú ọkọ̀ bí adìyẹ tí ń mumi, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí ìdarí síbẹ̀.

"Ó dé lásìkò," ni ó wí. "Màrúfátù, fún ọkọ rẹ lómi."

Nígbà tí wọ́n kírun tán, Basile tún so okùn. Ó já gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ kúrò, kò jù wọ́n nù, ó kó wọn fún ewúrẹ́ Àlàájì. Ó ní òun fẹ́ aṣọ pupa. Màrúfátù tú gèlè pupa tí ó ti wé láti àárọ̀ de àlejò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó so ó sí àárín okùn.

Basile wọ jíìpù, ó yọ orí jáde. "Ṣàmsídéènì, di ìdarí mú. Fi jíà sí mọ́—"

"Bàbá!" ni gbogbo àgbàlá ké.

Basile fa orí padà sínú jíìpù.

"Fi í sí ibi tí mo sọ fún ọ láàárọ̀," ni ó wí, ó sì fà á jáde.