Etí Páálí Tó Ṣì Funfun

Funfun. Etí páálí yìí ṣì funfun… Rárá o. Bóyá iná yàrá yìí ni. Mo yí i sí ojú fèrèsé — funfun náà ni. Yéè, mo gbé!

Ṣé mi ò fa páálí tó bo fíìmù yìí jáde kí n tó ya Bàámi ni? Mo ṣí ìdérí kámẹ́rà, mo fa imú rẹ̀ síwájú, mo ki ọwọ́ òsì bọ okùn awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi férémù onírin orí rẹ̀ wá ojú Bàámi. Mo tẹ bọ́tìnì. Ó dún kẹ́. Ó máa dún náà ni! Bí páálí bá bo fíìmù lójú, yóò dún. Bí kò bò ó, yóò dún. Kámẹ́rà ìsinsìnyí á ti pariwo mọ́ mi lórí. Àwọn oníwèé ìròyìn ni wọ́n ṣe tàtijọ́ yìí fún, àwọn tí ọwọ́ wọn yá bíi ti Bàámi. Mi ò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì rí.

"Funfun, kò tíì jẹun. Dúdú, ó ti yó." Láti kékeré ni Bàámi ti kọ́ mi. Bí a bá yà á tán, etí dúdú là ń yí síta. Èmi, ọmọ onífọ́tò!

Bàámi ò jí láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró ní pálọ̀. "Èyí tó o yà lánàá la máa lò fún ìsìnkú." Mo ní kò séwu… Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún wọn?

Bàámi kúkú ní kí n tún un yà lánàá. Níwájú àwọn àna mi tó wá kí wa. "Mo ṣẹ́jú, ọmọ mi. Tún un yà."

Mo ní wọn ò ṣẹ́jú, mo ń wò wọ́n.

"Mo ní mo ṣẹ́jú."

Inú bí mi. "Iṣẹ́ mi ò lè dáa lójú yín láéláé!" Mo pa kámẹ́rà dé, mo bá tèmi lọ. Alágídí ọmọ.

Ọwọ́ mi ni Bàámi ń wò… Kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ mi? Bàámi, tó jẹ́ pé bí ọmọọṣẹ́ bá gbàgbé páálí, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ ariwo wọn —

Wọ́n rí i pé mi ò fa páálí. Wọ́n sì wo ojú àwọn àna mi.

Háà. Bàámi ò ṣẹ́jú rárá.